Bàbá Ẹ-Dákẹ́ àti Àwọn Ẹyẹ Okokomaiko

Ẹ fa àga yín sún mọ́ mi. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó dìde kó wá síwájú, nítorí ohùn mi kò ròkè mọ́. Bàbá tó bí bàbá mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Wọn kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀ nítòsí, nítorí náà kò ní dáa kí a máa sọ ìtàn wọn láàrin ariwo. Ẹ jẹ́ kí ilé dákẹ́ díẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní sọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn fún yín. Àwọn fúnra wọn kò mọ̀ ọ́n. Mi ò sì ní to àwọn ọmọ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Etí wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀: bí ó ṣe sọ wọ́n di ẹni ńlá, bí ó ṣe yọ́ lọ mọ́ wọn lára, àti ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n mọ̀ pé ó ti lọ.

Okokomaiko ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, lẹ́yìn títì márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì. Bí mo ṣe pè é ní ṣọ́ọ̀bù yìí, ẹ má ro ilé o. Páànù mẹ́fà ni, òpó igi mẹ́rin, ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú, àti igi àgbálùmọ̀ kan. Ìgbà yẹn ni tọ́kùnbọ̀ gbòde. Mọ́tò tuntun ti kọjá agbára òṣìṣẹ́, èyí tí òyìnbó ti lò sú wá ń gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé bí àgbàrá òjò. Kò sí ẹni tó mọ àìsàn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé bọ̀. Àwọn tó rà wọ́n ló ń gbé wọn wá sọ́dọ̀ Bàbá.

Bí mọ́tò bá dé, mẹkáníìkì mìíràn á ti nawọ́ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bàbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wọ ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n á jókòó bí èrò, wọ́n á ní kí ẹni tó ni ín wa àwọn lọ sí ìhà Ìjànikin, kó sì yí padà. Bí onítọ̀hún bá fẹ́ máa ṣàlàyé, "Bàbá, ọjọ́ Túsìdeè ló bẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe ní kí n báyìí..." wọ́n á gbé ọwọ́ sókè: "Ẹ dákẹ́. Ẹ̀yin kọ́ ni ara ń ro."

Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá, Bàbá Ẹ-Dákẹ́. Àwọn ìyàwó ṣọ́jà ní bárékè Ọ̀jọ́ mọ̀ ọ́n, àwọn Ìbò tó ń tajà ní Alábà mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá dé padà, Bàbá á mú síkúdíráfà gígùn kan tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ igi, wọ́n á fi ẹnu rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ ti etí. Wọ́n á dijú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ ibi tó ń dùn ún. Ṣọ́jà kan wá láyé ọjọ́un, wọ́n ní plọ́ọ̀gì kẹta ló ń ṣèmẹ́lẹ́, wọ́n sì tú u, ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣọ́jà bá fà sẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá, ẹ má fi oògùn sínú mọ́tò mi o!" Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n ní, "Oògùn kankan ò sí níbẹ̀, ọ̀gá ṣọ́jà. Ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ẹlẹ́nu méjì."

Ọdún tí Ìyá àgbà, ìyàwó wọn, kú ni mo kó lọ bá wọn gbé. Tíṣà ni mí nígbà náà ní ilé-ìwé kan ní Ìbà, àwọn ẹbí sì ní kò yẹ kí Bàbá dá wà. Ó ju ogójì ọdún lọ tí Ìyá àgbà fi bá wọn gbé. Bí ẹnìkan bá kí Bàbá, Ìyá àgbà á tún un sọ: "Wọ́n ń kí ọ o, Bàbá Jọ́ṣúà." Bí omi bá ń hó lórí iná, Ìyá àgbà á ní, "Omi rẹ ti hó." A rò pé ọ̀rọ̀ sísọ ló wu Ìyá àgbà ni. Ẹnìkan kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Láàárọ̀, Bàbá á jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Wọ́n á wo òkè títí. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, o ò rí i pé àwọn ẹyẹ ti kó lọ?"

Èmi ń wá bàtà mi kiri, ilé-ìwé ti fẹ́ wọlé. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Mo rò pé ẹyẹ oko ni wọ́n ń wí, irú èyí tó wà níbẹ̀ nígbà tí igbó ṣì wà láti ọ̀dọ̀ wa dé Ìbà. Wọ́n mi orí.

"Ìjànikin ni wọ́n kó lọ. Ilé ti pọ̀ jù fún wọn níbí."

Bàbá bá àwọn aládùúgbò jà, wọ́n jà gidi. Ìyá Rìsí tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà ni wọ́n bá jà jù, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin. Bàbá ní ọmọ náà ń kọjá lójú àwọn láìkí àwọn bí ẹni tó rí òkúta. Ìyá Rìsí ká ọwọ́ mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ọmọ yìí kí yín lójú mi báyìí! Ó kúnlẹ̀! Àbí ẹ fẹ́ kó máa fi fèrè kí yín ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọlé, wọ́n sọ sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń lọ pé, "Ìkíni tí kò dé etí, kò tíì kúrò lẹ́nu."

Ní Sọ́ńdè, Bàbá á wọ sùtánà funfun, wọ́n á fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ìjọ. Níbẹ̀, agogo kékeré ni wọ́n fi ń sọ fún èèyàn pé àdúrà ìkúnlẹ̀ parí. Agogo á dún, gbogbo ìjọ á dìde, Bàbá á ṣì wà lórí eékún, ojú ní dídì. Àwọn ìyá ìjọ á máa wo ara wọn. "Ẹ̀mí ń bá Bàbá ṣiṣẹ́." Wọ́n fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ fún àwa ọ̀dọ́ tí a máa ń yára dìde. Nígbà tí a délé, mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń gbàdúrà lé lórí tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò mí, ó yà wọ́n lẹ́nu pé mo lè béèrè.

"Mo ń dúró kí agogo dún ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ Mùfú. Ìyá àgbà ṣì wà láyé nígbà náà. Mùfútáù, ọmọ Ìsẹ́yìn, ló gbọ́n jù nínú gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá. Ó ti tó gbéyàwó, oṣù méjì péré ló sì kù kó gba fíríìdọ́mù. Ẹ̀yin ìsinsìnyí lè máà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ tán, ọ̀gá rẹ̀ á pe àwọn ọ̀gá yòókù jọ, á gbàdúrà lé e lórí, á sì fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́ lójú wọn. Bí ọ̀gá rẹ kò bá ṣe èyí fún ọ, ẹgbẹ́ mẹkáníìkì kò ní gbà kí o dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Abẹ́ ẹlòmíràn lo máa wà, bí orí rẹ bá tilẹ̀ funfun.

Lọ́jọ́ náà, mo wá kí wọn láti Abẹ́òkúta, ojú mi ló ṣe. Mọ́tò òṣìṣẹ́ ìjọba kan wà níbẹ̀, èèyàn sì pọ̀ lábẹ́ páànù. Mùfú tẹ orí sí ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Ọ̀gá, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan. Mo ń gbọ́ ṣíì."

Bàbá fi síkúdíráfà kàn án. Wọ́n gbọ́ títí. "Èmi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ọ̀gá, ó ń ṣe é."

"Ṣé kí n gbọ́ ọ kí n ní mi ò gbọ́ ọ ni?"

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mo gbọ́ ọ."

Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni Bàbá kì í dárí rẹ̀ jì ní ṣọ́ọ̀bù yẹn: kí o ní o gbọ́ ohun tí o kò gbọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mìíràn ti ṣe é rí láti fi gbayì lójú oníbàárà. Bàbá rò pé irú rẹ̀ nìyí. Wọ́n ní kí Mùfú kó ẹrù rẹ̀. Mùfú dọ̀bálẹ̀ sínú ọ́ìlì, aṣọ rẹ̀ dúdú láti àyà dé orúnkún, Ìyá àgbà ń bẹ̀ wọ́n, oníbàárà gan-an ń bẹ̀ wọ́n. Bàbá kọ̀. "Olè lè yí padà. Ẹni tó bá ń parọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì á pa èèyàn lọ́jọ́ kan."

Mùfú lọ. A gbọ́ pé ó wà ní Ìjànikin, ó ń bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́. A gbọ́ pé ó bímọ, a tún gbọ́ pé ó bímọ. Ọdún méje kọjá.

Èyí ló gbé wa dé orí mọ́tò aláwọ̀ ewé. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan wà ní Ìbà tó ń gbẹ̀bí nínú yàrá méjì tó háyà. Ó jù mí lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n a jọ máa ń ṣeré. Ó ra tọ́kùnbọ̀ aláwọ̀ ewé náà kó lè máa fi gbé aboyún tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá le lọ sí ọsibítù ńlá. Ó gbé e wá bá Bàbá.

"Bàbá, bí mo bá rọra ń lọ, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ iná mọ́ ọn lójijì, á kọ́kọ́ dúró ronú. Á ṣe gọ̀ọ̀, kó tó wá fò síwájú."

"Ẹ dákẹ́, Nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀."

Wọ́n wọ ẹ̀yìn, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Wọ́n pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé, Nọ́ọ̀sì dé padà: ó ṣì ń ronú. Wọ́n tú kábúrétọ̀, ibi tí pẹtiróò ti ń pàdé afẹ́fẹ́, wọ́n fi pẹtiróò fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ó lọ. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Aboyún tó ń rọbí ló gbé sẹ́yìn, ó fẹ́ bọ́ sí títì márosẹ̀, ó rí i pé àyè wà, ó tẹ iná. Mọ́tò dúró ronú. Tírélà ń bọ̀. Ọlọ́run ló ní kí awakọ̀ tírélà yà sínú iyanrìn. Aboyún bímọ láyọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn Nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Bàbá, bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wí fún mi. Ẹlòmíràn máa bímọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Bàbá kò jẹun lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ilé-ìwé ti gba họlidé, wọ́n ní kí n wá bá àwọn jókòó sídìí sitíárì, kí n máa tẹ iná bí wọ́n bá ti ní kí n tẹ̀ ẹ́. A ṣe é títí. Oòrùn mú. Mo fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, mo bu omi wá fún wọn. Bí mo ṣe na ife omi sí wọn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó wà ní ṣíṣí, mo ní, "Bàbá, kí ló ń ṣe ṣíì bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Mi ò fi ṣe nǹkan kan. Mo rò pé wọ́n ti mọ̀ nípa rẹ̀.

Wọ́n kò gba omi. "Kí lo wí?"

"Ṣíì. Bí ìgbà tí èèyàn bá ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná."

"Níbo?"

Mo nawọ́ síbẹ̀. Wọ́n fi síkúdíráfà kàn án, wọ́n fi etí ti ìdí rẹ̀, wọ́n dijú. Wọ́n lajú, wọ́n wò mí. "Ó ń ṣe é nísinsìnyí?"

"Ó ń ṣe é, Bàbá."

Wọ́n gbé síkúdíráfà kalẹ̀. Wọ́n fi ìka tọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà lábẹ́ kábúrétọ̀, wọ́n tọ̀ ọ́ dé ibi tó ti tẹ̀ sábẹ́, níbi tí ojú kò lè dé. Ó ti sán níbẹ̀. Mo rí i bí ó ṣe fa awọ ìka wọn mọ́ra. Lọ́gán ni ohùn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀, ó sì dọ́gba. Wọ́n ní, "Lọ tẹ iná." Mo tẹ̀ ẹ́. Kò ronú rárá, ó bú jáde ni. Wọ́n yọ ìka. "Tún un tẹ̀." Ó ṣe gọ̀ọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn náà ṣe rí. Ẹ́ńjìnnì ń mí bí èèyàn, afẹ́fẹ́ àti pẹtiróò ló jọ ń gbé mì. Bí afẹ́fẹ́ bá rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbà wọlé, pẹtiróò ò ní tó mọ́. Bó bá ń rọra lọ, á fara dà á. Bí o bá béèrè agbára lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, òfìfo ló máa kọ́kọ́ gbé mì.

Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n jókòó sórí táyà. Wọ́n wo igi.

"Àbẹ̀kẹ́, àwọn ẹyẹ ńkọ́?"

"Ẹyẹ wo, Bàbá?"

"Èyí tó wà lórí igi yìí."

Mo gbójú sókè. Wọ́n pọ̀ lórí igi àgbálùmọ̀ náà, àwọn kéékèèké, wọ́n ń ké bí ẹni pé wọ́n ń du nǹkan. Mo ní, "Wọ́n wà níbẹ̀, Bàbá."

"Wọ́n ń ké?"

"Wọ́n ń ké."

Ohùn tó nípọn ni etí wọn ṣì ń gbọ́: ìlù ẹ́ńjìnnì, ohùn ọkùnrin, ààrá. Gbogbo ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, ti ẹyẹ, ti agogo ìjọ, ti ọmọ Ìyá Rìsí tó ń kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ti wà nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rò pé ayé ló dákẹ́. Mo ń retí kí wọ́n sunkún tàbí kí wọ́n bínú. Ohun tí wọ́n sọ nìyí: "Mùfú gbọ́ ọ nígbà náà."

Rọ́bà tuntun kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo wí fún wọn pé kò sí ẹni tó nílò láti mọ̀, pé n ó máa bá wọn gbọ́. Mo ní, "Bàbá, bí ẹ bá sọ ọ́ síta, ẹnikẹ́ni ò ní gbé mọ́tò wá mọ́. Ta ló máa mọ̀?"

"Mùfú mọ̀. Ó ti tó ọdún méje tó ti mọ̀ pé òun gbọ́."

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì dé láti gba mọ́tò, wọ́n sọ fún un pé, "Mọ́tò yín ti ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Etí mi ló kú." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó gbé àwọn lọ sí Ìjànikin. Wọ́n lọ mú síkúdíráfà gígùn náà, wọ́n nù ún, wọ́n fi aṣọ wé e.

Ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ tóbi ju tiwa lọ. Àwọn ọ̀gá mẹ́rin jókòó lábẹ́ ibòji, wọ́n mọ Bàbá, wọ́n dìde. Ẹsẹ̀ Mùfú nìkan la rí, ó wà lábẹ́ mọ́tò kan. Bàbá dúró níbi ẹsẹ̀ náà, wọ́n sọ̀rọ̀ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

"Mùfú. Èmi ni. Mo wá sọ fún àwọn ọ̀gá wọ̀nyí pé mo parọ́ mọ́ ọ. O gbọ́ ṣíì lọ́jọ́ náà. Èmi ni mi ò gbọ́."

Ẹsẹ̀ náà kò mira. Mùfú sọ nǹkan kan lábẹ́ mọ́tò, ohùn rẹ̀ kò ròkè. Bàbá yíjú sí mi. "Kí ló wí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ojú wà lára mi. Irọ́ kékeré kan ì bá ti rọrùn. Mo ní, "Ó ní kí ẹ máa lọ, Bàbá."

Wọ́n mi orí. "O ṣeun tí o sọ ọ́ bó ṣe wí." Wọ́n fa táyà kan, wọ́n jókòó tì í. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. "Ẹ dákẹ́. Ẹni tí ara ń ro ló wà lábẹ́ ibẹ̀."

Wọ́n dijú. Oòrùn yẹ̀ kúrò lórí mọ́tò kan bọ́ sórí òmíràn. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ ní tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń gbàdúrà.

Nígbà tó yá, Mùfú rọra yọ jáde. Irun àgbọ̀n rẹ̀ ti ní funfun bíi mélòó kan. Ó dúró lókè orí Bàbá. Ó pariwo, kí wọ́n lè gbọ́, tàbí nítorí pé ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ pariwo: "Ọ̀gá, ọdún méje!"

"Mo mọ̀."

"Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ti gba fíríìdọ́mù tiwọn!"

"Mo gbọ́ ìyẹn náà."

Bàbá dìde. Àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, Mùfú gbá wọn mú kó tó di pé wọ́n dé ilẹ̀. "Rárá, Ọ̀gá. Ẹ má fi èyí kún un." Òun ló wá kúnlẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí lójú àwọn ọ̀gá mẹ́rin náà, wọ́n gbàdúrà, wọ́n tú aṣọ, wọ́n fi síkúdíráfà lé e lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Èyí ò wúlò fún mi mọ́. Ìwọ lo ni etí."

Mi ò ní tàn yín jẹ pé ayọ̀ ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Mùfú dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ kí ọdún tó parí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sì wá kí Bàbá. Ohun kan wà láàrin wọn tí rọ́bà tuntun kò lè dí. Bí mo ṣe wí pé yóò rí ló rí: ìròyìn kálẹ̀, mọ́tò kò wá mọ́. Koríko hù gba inú ọ́ìlì. Ìyá Rìsí mú ọmọ rẹ̀ wá kí Bàbá sí etí gan-an, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fún un ní àgbálùmọ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló lè máa kígbe ní gbogbo ọjọ́?

Ní ìrọ̀lẹ́, èmi àti wọn á jókòó. Mo máa ń ní, "Bàbá, ọ̀kan ń ké lókè yìí."

"Báwo ló ṣe ń ké? Ṣe é kí n gbọ́."

N ó fi ohùn nínípọn ṣe é, bí àkùkọ tó mu otútù. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Àṣé wọn ò lọ."

Lẹ́yìn náà mo lọ ilé ọkọ ní Ọ̀jọ́. Kò jìnnà. Mo máa ń sọ fún ara mi pé kò jìnnà. Bàbá kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan lórí àga wọn, lábẹ́ igi. Ọmọ Ìyá Rìsí kọjá, ó kí wọn, ó tún kí wọn sókè, ó rò pé bí ìṣe wọn ni, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jogún kí ni. Síkúdíráfà wà lọ́wọ́ Mùfú. Ó mú un wá síbi ìsìnkú, ó dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn, ó dì í mú gírígírí. Sùtánà wọn ni ìjọ fi sin wọ́n. Bàbá tó bí mi ló gba ilẹ̀, wọ́n gé igi àgbálùmọ̀, wọ́n kọ́ ilé sí i. Nọ́ọ̀sì ló béèrè rọ́bà tó sán, tí Bàbá fi ìṣó kọ́ sára òpó, ó sì so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá tó ti ń gbẹ̀bí.

Àwọn èèyàn ní èmi ò jogún nǹkan kan. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó síta níbí, mo ń ronú pé àwọn ọmọ ilé yìí ti ya aláìlẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, ẹnìkan kò kí mi. Àfi bí ọmọ ọmọ mi kékeré ṣe fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó kúnlẹ̀, omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti kí yín."

Mo gbójú sókè wo igi máńgòrò. Ewé rẹ̀ ń mì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo fa ọmọ náà mọ́ra. Mo ní, "Má bínú. Ìwọ kí mi, èmi ni mi ò gbọ́. Jókòó tì mí. Ǹjẹ́ ẹyẹ wà lókè yẹn? Báwo ló ṣe ń ké? Ṣe é kí n gbọ́."